Sìgá Tó Sùn Láàárín Káfúrà

Ambrose yí ojú sí ògiri nígbà tí Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá Evelyn, ẹ la ẹnu. Ẹyọ kan péré."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ògì ni. Mo bu mílíìkì sí i, mo bu ṣúgà sí i. Ó dùn."

"O ní ó dùn. Lẹ́nu tèmi, omi ẹfun ni."

Àrìnpé gbé ṣíbí náà dúró títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ògì kán sórí aṣọ ìbora, ó fi ìka nù ún, ó sì dá ìyókù padà sínú abọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ambrose kúrò ní ọsibítù padà sí yàrá wọn ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè. Ọdún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún títì ní ilẹ̀ wa ni, òjò ọdún náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú oòrùn. Ibà tó dá Ambrose dùbúlẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó kó adùn ẹnu rẹ̀ dání. Ata kò ta á mọ́. Iyọ̀ kò yé ahọ́n rẹ̀ mọ́. Òórùn ẹja yíyan tí gbogbo ilé ń gbọ́ tí wọ́n ń gbé itọ́ mì, òun kò gbọ́ ọ rárá. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, òun ni ń gbé oúnjẹ síwájú ọ̀gá ọkọ̀, òun náà ló sì máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó jáde nílé ìdáná. Ẹ wá wò ó lónìí, ó ń jẹ ẹran bí ẹni ń jẹ òwú. Nígbà tó yá, kò jẹ òwú náà mọ́. Ara rẹ̀ fà wọlé, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, egungun èjìká rẹ̀ yọ bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ. Dókítà sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ibà kọ́ ni yóò pa bàbá yìí, àìjẹun ni.

Evelyn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Yábàá, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn tí ó mọ̀ pé bàbá òun kò ní mu.

"Àrìnpé," Ambrose pè é, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

"Sà."

"Mú sìgá mi wá."

Evelyn ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Sìgá kẹ̀! Bàbá, ṣé èéfín ni dókítà ní kí ẹ jẹ?"

"Dókítà ní kí n jẹ nǹkan. Mo fẹ́ jẹ nǹkan." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè díẹ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Gbogbo ohun tí ẹnu mi ti mọ̀ láyé, èyí ló mọ̀ jù. Bí mo bá mu ún tí ahọ́n mi kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn, kí ẹ má fi ṣíbí kàn mí lẹ́nu mọ́. Kí ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ nǹkan kan, ohun yòówù kó jẹ́, mo ṣèlérí, màá máa jẹ ògì yín títí àgbàdo fi máa tán lọ́jà."

Àrìnpé gbọ́ ìlérí náà, àyà rẹ̀ sì là gààràgà. Òun nìkan ló mọ ibi tí sìgá náà sùn sí.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí àyà rẹ̀ fi là, ẹ ní láti mọ irú sìgá tí à ń wí. Kì í ṣe ìyẹn tín-ín-rín olówùú lẹ́nu tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ní Ojúẹlẹ́gbà. Sìgá ńlá ni, ó ki bí àtàǹpàkò ọkùnrin, odindi ewé tábà ni wọ́n ká lórí ara wọn, kò sí bébà kankan lára ẹ̀. Erékùṣù kan wà láàárín òkun tí ọkọ̀ wọn máa ń yà sí bí wọ́n bá ń lọ sí Ìlú Ọba, Las Palmas ni orúkọ ìlú ibẹ̀. Bàbá arúgbó kan lẹ́bàá èbúté ló ká a lójú Ambrose, ní ìrìn àjò tó ṣe kẹ́yìn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó kún àpótí kan nígbà náà, àpótí kékeré tí wọ́n fi igi olóòórùn dídùn kàn. Ambrose kì í sì mu ún ní ìmukúmu. Ọjọ́ Kérésì ni. Ọjọ́ tí ogun parí. Ọjọ́ tí Evelyn gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Bí wọ́n bá ti rí i tó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, tó tanná ràn án, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ohun rere kan ti ṣẹlẹ̀. Àrìnpé a sì máa jó yí i ká, a máa fi orin bú u:

*Ọkọ mi ń mu ewé,*
*Ewúrẹ́ ń jẹ ewé,*
*Ẹ bá mi wò ó, ará ilé,*
*Ta ni kí n so mọ́lẹ̀?*

Ambrose á rẹ́rìn-ín, á ní kí ó so òun, àmọ́ kí ó jẹ́ kí òun mu èyí tán ná. Á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní èèyàn kì í gbé èéfín ẹ̀ mì. Ẹnu ni yóò wọ̀, ẹnu náà ni yóò gbà jáde. "Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn án, ẹ̀pà yíyan ni. Tó bá dé ìdajì, ó di kọfí. Tó bá kù díẹ̀, ó di ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn." Àrìnpé ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè kà á lórí bí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ìjọ.

Ṣùgbọ́n Ambrose máa ń sọ pé ìpamọ́ ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, á rẹ àpáàdì sómi, á fi aṣọ wé e, á gbé e sí igun àpótí sìgá kí ewé náà má baà gbẹ. Bó bá gbẹ, yóò jó bí kóríko, yóò sì máa ta ahọ́n. Nígbà òjò, á yọ àpáàdì kúrò, á fi èédú gbígbẹ sí ipò ẹ̀, kí ó má baà bu bí búrẹ́dì ìjẹta. Bó bá tutù jù, ẹ̀gbẹ́ kan á jó, ẹ̀gbẹ́ kejì á kọ̀, á sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Kò jẹ́ kí ọṣẹ tàbí epo sún mọ́ ibẹ̀. "Ewé yìí dà bí ọmọ ọwọ́," ó máa ń wí. "Ohun tó bá bá sùn ló ń jọ."

Àrìnpé gbọ́ ìyẹn náà. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà dé, kò rántí.

Ambrose wà ní ọsibítù lọ́wọ́ nígbà tí òjò fọ́ ojú páànù ilé wọn. Àrìnpé ti ibi àbẹ̀wò dé, ó bá omi tó ń ro tótó lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì ń ro sórí àpótí sìgá gan-an. Omi ti kó jọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìdí àpótí ti já. Àwọn sìgá tó kù nínú ẹ̀ ti wú, wọ́n ti bẹ́, àwọn mìíràn ti hu irun funfun lára. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún. Ẹyọ kan péré ni kò fara gbọgbẹ́, èyí tó wà lókè pátápátá lábẹ́ ìdérí. Ó nù ún, ó fi áńkáṣífù wé e. Ó wá ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí gbogbo obìnrin ìran wọn ń ṣe sí ohunkóhun tí wọn kò bá fẹ́ kí ó sọnù: ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ìṣẹ́po sányán tó fi ṣègbéyàwó, níbi tí gèlè ìyá rẹ̀ àti ẹ̀wù ìrìbọmi Evelyn wà. Ó sì da káfúrà tuntun yí i ká, àwọn hóró funfun kéékèèké tí ń lé kòkòrò, kí nǹkan kan má baà jẹ ẹ́. Lójú Àrìnpé, káfúrà kì í ṣe òórùn. Ààbò ni.

Nísinsìnyí tó wá ṣí àpótí náà, tó tú áńkáṣífù, tó gbé sìgá náà sí imú, ó rí ohun tó ṣe. Káfúrà ti wọ inú ewé náà lọ, ó ti ká ẹsẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Ó yọ́ jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Sìdíkàt tó ń gbé yàrá kejì, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Ìyá Evelyn, kí lẹ ń fẹ́ báyìí bí ẹni ń koná?"

"Sìdíkàt, bá mi gbọ́ òórùn nǹkan yìí."

Sìdíkàt fi imú kàn án, ó yára fà sẹ́yìn. "Yéè! Àpótí ìyá mi àgbà nìyí gan-an! Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ mu ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò jẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wọ́n lọ́fínńdà díẹ̀ sí i."

"Kó wá máa ta sánsán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín? Orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ sá a sóòrùn nígbà náà."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Òjò tún ti ṣú ní apá Mushin, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àrìnpé sọ fún un ìlérí tí Ambrose ṣe, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu Sìdíkàt.

"Ẹ sọ fún wọn, Ìyá Evelyn."

"Bí mo bá sọ, wọn ò ní fi kan ẹnu. Wọ́n á ní èyí tó kù náà ti bàjẹ́, wọ́n á yíjú sí ògiri."

"Bí ẹ ò bá wá sọ ńkọ́?"

"Wọ́n á mu ún, wọn ò ní bá ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹnu àwọn ló kú."

Sìdíkàt padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti inú yàrá, ohùn Ambrose jáde, ó tín-ín-rín ṣùgbọ́n ó ṣì lè bú èèyàn. "Àrìnpé! Ṣé Las Palmas lo lọ mú un ni?"

Ó wọlé. Ambrose gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó gbé e sétí, ó fi ìka méjì yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i. "Kò gbẹ. Kò sì tutù jù." Ó gbé e sí imú, ó fà á, ó mi orí. "Imú mi kò sọ nǹkan kan fún mi." Ó wá wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o tọ́jú ẹ̀, Àrìnpé. O ṣeun."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó bá a fi bíléèdì gé ṣóńṣó orí sìgá, ó ṣáná sí i. Ambrose ní kí ó dúró kí imí ọjọ́ orí iṣáná jó tán ná, kí ó tó gbé iná sún mọ́ ọn. Ó yí ẹnu sìgá lórí iná títí ó fi pọ́n yíká. Nígbà náà ló fi sẹ́nu, ó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jìn wọlé tún jìn sí i. Ó di èéfín náà mú sẹ́nu, ó pa ojú rẹ̀ dé.

Ó tú u jáde. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

"Kò sí," ó wí. "Kò sí nǹkan kan."

Ó gbé sìgá sínú àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ògiri, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Evelyn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i," Àrìnpé wí.

"Má yọ mí lẹ́nu. A ti sọ ọ́."

"Bàbá Evelyn, mo bẹ̀ yín. Nítorí tèmi. Ẹ fà á dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu."

Àánú rẹ̀ ló ṣe Ambrose. Ó tún gbé e, ó fà á gùn, ó jẹ́ kí èéfín náà jókòó. Ẹ̀rọ Sìdíkàt dúró lóde. Díẹ̀díẹ̀, ìlà kan yọ láàárín ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbé ahọ́n kiri inú ẹnu, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

"Àrìnpé."

"Sà."

"Kí ló dé tí ẹnu mi dà bí ọjọ́ ìgbéyàwó wa?"

Àrìnpé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Sányán tí ìyá rẹ yọ láti inú àpótí wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n di ọwọ́ rẹ mú, òórùn tó wá bá mi nìyí." Ó tún gbé ahọ́n. "Káfúrà. Káfúrà ni!"

Àrìnpé ti wà lórí eékún. "Ẹ dárí jì mí. Òjò ló wọ àpótí sìgá yín, ẹyọ yìí ló kù, mo wá fi sínú aṣọ mi. Mo rò pé mo ń pa á mọ́ ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

"Dúró ná," Ambrose wí. Kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà dáadáa. Ó ń sọ orúkọ náà lábẹ́ ètè, káfúrà, káfúrà. Omi sì ń jáde lójú rẹ̀, ó ń gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti funfun. Evelyn ti ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. "Bàbá, ẹnu yín mọ nǹkan! Ó mọ nǹkan!"

Ṣùgbọ́n Ambrose kò tíì tán. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún fà á, ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ káfúrà. Ìlà iwájú orí rẹ̀ kò kúrò. Nígbẹ̀yìn, ó na sìgá náà sí Àrìnpé.

"Tọ́ ọ wò fún mi."

"Èmi kẹ̀?"

"Má gbé e mì o. Jẹ́ kó jókòó lẹ́nu."

Àrìnpé tí kò fi tábà kan ẹnu rí láyé rẹ̀ gbà á, ó fà á, ikọ́ sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ẹnu ọ̀nà, Sìdíkàt ní, "Ẹ wo Ìyá Ìjọ wa!" Àrìnpé ju ọwọ́ sí i pé kó lọ. Ó tún fà á, ó rọra ṣe é. Káfúrà ló kọ́kọ́ wá, ó tutù, ó ń jó o lẹ́nu. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ẹ̀, ó jìnnà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò, nǹkan kan wá.

"Ẹ̀pà," ó wí. "Ẹ̀pà yíyan. Ó wà níbẹ̀. Òótọ́ lẹ ń sọ láti ọjọ́ yìí wá."

Ambrose gbà á padà. Ó fà á, ó pa ojú dé.

"Mi ò rí i," ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Káfúrà nìkan ni. Ohun tó bá le ló kù tí ẹnu mi lè gbọ́. Ìyókù ti lọ." Ó rọra gbé sìgá sínú àwo. "Ó dáa. Ó wà níbẹ̀. Ìwọ bá mi mu ún, kí o sì máa sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Òjò dé, ó ń lu páànù. Àrìnpé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fún un nígbà tó di kọfí, Ambrose sì ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka ìròyìn ilé fún lájò. Láàárín èéfín kan àti èkejì, orin bọ́ sí Àrìnpé lẹ́nu. Kò mọ ibi tó ti wá:

*Rọra jó, iná kékeré,*
*Rọra jó, má yára tán,*
*Ọkọ mi jókòó, ó ń wò ọ́,*
*Rọra jó, má yára tán.*

Ó tán náà. Wọ́n wo eérú tó wà nínú àwo.

"Gbé ògì rẹ wá," Ambrose wí.

"Ó ti tutù. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kaná."

"Ṣé mo máa mọ̀ ni?"

Ó jẹ ẹ́. Ó la ẹnu, ó gbé e mì, ó la ẹnu, nítorí pé ó ti ṣèlérí. Gbogbo ìyókù òjò ọdún náà ló fi jẹ ẹ́ láìbínú, láìmọ adùn kankan níbẹ̀. Ara rẹ̀ padà díẹ̀, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá Sìdíkàt ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ara rẹ̀ ju àìjẹun lọ. Nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, tí ètè gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là, Ambrose sùn, kò sì jí.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìnkú ni Àrìnpé tún ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ wọ sányán ìgbéyàwó. Ó fà á yọ, ó tú ìṣẹ́po rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Níbi tí sìgá náà sùn sí, láàárín aṣọ, òórùn kan wà tí kì í ṣe ti káfúrà. Ó gbé e sí imú. Ẹ̀pà yíyan. Ewé náà gba káfúrà, ṣùgbọ́n aṣọ pẹ̀lú ti gba ewé.

Kò wọ sányán náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣa gbogbo hóró káfúrà inú àpótí kí ó má baà bo òórùn náà mọ́lẹ̀, ó kó wọn fún Sìdíkàt.

"Ìyá Evelyn, kòkòrò á jẹ aṣọ yín o!"

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́."

Kòkòrò sì jẹ ẹ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Àrìnpé ṣí àpótí, ó fi imú kan aṣọ náà, ó ń kọ orin rẹ̀ sínú òwú rẹ̀ pé kí òórùn náà má yára tán. Ó rí ihò kan ní etí ìṣẹ́po, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fi ìka kan wọ́n. Ó ká aṣọ náà padà bí ó ṣe wà, ó sì yára pa àpótí dé, kí òórùn má baà jáde.